Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Owó Ilé àti Owó Ìdógò Bí A Bá Jogún Ilé Tí Ayálégbé Wà Nínú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá jogún ilé ní Èkó ti jogún ayálégbé inú rẹ̀, ó sì ti jogún àdéhùn tí olóògbé bá wọn ṣe mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ajogún ni kì í ro èyí. Kété tí wọ́n bá ti sìnkú tán ni wọn yóò ti máa kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan pé owó ilé ti di ìlọ́po méjì láti oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ti san owó ọdún kan fún Bàbá ti san án. A kò lè fi kọ́bọ̀ lé e kí ọdún náà tó pé. Bí ó bá sì pé, iye tuntun tí onílé dá nìkan pinnu kì í ṣe àdéhùn títí ayálégbé yóò fi gbà á, nítorí náà kí a kọ ìwé sí i ṣáájú àkókò, kí a sì jókòó sọ ọ́.

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, tí kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, fún ayálégbé láyè láti gbé àfikún tí ó pọ̀ lápọ̀jù lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ yóò sì wo iye tí wọ́n ń gba irú yàrá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò náà. Òfin kan náà kọ̀ kí a gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún tí a bá nílé. Gbèsè ìsìnkú kì í ṣe àwíjàre.

Ti lílé jáde kò gùn: oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Ẹni tí ó bá ṣí páànù lé ayálégbé lórí lè fi ẹ̀wọ̀n jura.

Owó ìdógò, tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ nítorí ohun tí ó bá bàjẹ́, tí àwọn ejẹ́ǹtì ń pè ní kọ́ṣọ̀n, ni ó dójú ti àwa gan-an. Nígbà tí ìyá kan tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá wa ní Muṣin fẹ́ kó lọ, ó béèrè 30,000 náírà tí ó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó wọlé. Àbúrò mi dáhùn pé, “Mà, ẹni tí ẹ kówó fún ti kú.” Ìyá náà fa rísíìtì yọ láti inú èèpo Bíbélì, ó wé e sínú ọ̀rá, yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n bí Bàbá ṣe máa ń fa ìrù orúkọ rẹ̀ gùn wà níbẹ̀ kedere. Ó ní, “Ilé rẹ̀ kò kú, ọmọ mi.”

Àbúrò mi tún fẹ́ yọ owó ọ̀dà kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀dà tí ó ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ìbàjẹ́. Gíláàsì fèrèsé tí ọmọ ìyá náà fi bọ́ọ̀lù fọ́ nìkan ni a lè yọ, a sì ní láti fi rísíìtì oníṣẹ́ gíláàsì hàn án, nítorí òfin yẹn sọ pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí a ṣe ná irú owó bẹ́ẹ̀. A ti pín owó báǹkì Bàbá tán nígbà náà láìbéèrè rísíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yàrá mẹ́jọ, nítorí náà ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ní láti dá tirẹ̀ padà kí a tó rí owó ìyá náà san.