Bí mo ṣe ṣe àdàkọ àwòrán Madeleine

Marie-Guillemine Benoist ló fi ọ̀dà olóróró ya Madeleine ní ọdún 1800: obìnrin dúdú láti Guadeloupe, ó jókòó sórí àga, gèlè funfun wà lórí rẹ̀. Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, ni àwòrán náà wà, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 81, ìbú rẹ̀ 65. Ẹni tó bá ń ṣe àdàkọ nínú Louvre kò gbọdọ̀ yà á ní ìwọ̀n kan náà. Ó ní láti fi ìdá kan nínú márùn-ún dín in tàbí kó fi lé e. Fọ́tò lèmi ń wò yà á, síbẹ̀ mo tẹ̀ lé òfin náà: gíga tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65, ìbú rẹ̀ 52.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kun kánfáàsì ní gesso, ọ̀dà funfun tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Mo wá fi burnt umber, ọ̀dà búráùn tó ṣókùnkùn, tí mo fi tọpẹntáìnì là ya òjìji. Mi ò fi òróró sí i rárá, torí bí ìsàlẹ̀ bá lóróró ju òkè lọ, òkè á gbẹ ṣáájú, á sì sán.

Ojú ni mo kọ́kọ́ kùn, àṣìṣe sì ni. Lórí kánfáàsì funfun, gbogbo àwọ̀ máa ń dà bíi pé ó dúdú ju bó ṣe rí lọ. Nígbà tí mo kun ẹ̀yìn àwòrán, ìyẹn ògiri tó wà lẹ́yìn obìnrin náà, tán, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù. Mo ha á kúrò. Ẹ̀yìn àti gèlè ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn.

Ẹ má fi ọ̀dà dúdú kun awọ ara. Ìdá méjì burnt sienna (búráùn tó pọ́n), ìdá kan burnt umber, ultramarine (búlúù) díẹ̀: ibẹ̀ ni dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú ti ń wá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lé èjìká, funfun bíńtín ló gbà. Bó bá pọ̀, ara á rí bí ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò fi òrí para.

Gèlè fúnra rẹ̀ kò funfun tán. Àwọ̀ eérú àti yellow ochre, àwọ̀ ìyeyè bí amọ̀, ló wà nínú ìṣẹ́po rẹ̀; funfun gidi kò ju orí ìṣẹ́po lọ. Titanium white ni mo lò, torí májèlé ni funfun olójé ayé ìgbà yẹn. Ní ti aṣọ búlúù orí àga, mi ò fọwọ́ kan cobalt blue: 1802 ni wọ́n tó ṣe é. Prussian blue ni mo mú, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó. Ó lágbára bí aró.

Ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìpele sí ìpele, fáníìṣì, ohun dídán tí a fi ń bo àwòrán tó ti gbẹ, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mi ò ya ìfọwọ́sí Benoist sí i. Orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ náà “àdàkọ” wà lẹ́yìn kánfáàsì.