Bí mo ṣe kọ ìtàn ìgbésí ayé John W. E. Thomas lẹ́yìn tí owó mi ti wọgbó

Owó mi ni ó kọ́kọ́ wọgbó kí n tó mú kálámù. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé níhìn-ín ní Chicago nílò ìtàn ṣókí nípa oníṣòwò tí ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois, mo sì háyà akọ̀wé kan tí ó ní iṣẹ́ òun ni. Ohun tí ó gbé wá kò kún ojú ewé kan. Ó ní láti 1877 títí di 1887 ni Thomas fi jókòó sí ilé ìgbìmọ̀ láìdìde, ó sì fi kún un pé owó ni ó fi ra ìbò. Nígbà tí mo béèrè ibi tí ó ti rí i, ó dáhùn pé ṣebí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo olóṣèlú ń ṣe. Títí di òní, kò gbé ìpè mi, kò sì dá kọ́bọ̀ padà.

Bí a ṣe ń wá ìwé ní ilé ìkàwé kò nílò àlàyé. Ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọkùnrin náà kò fún mi ní wàhálà: inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Alabama ní 1847, ó dé Chicago ní 1869, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ó sì ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ní ìwé. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dìbò yàn án, ní 1876, 1882 àti 1884. Láàárín ìgbà tí sáà àkọ́kọ́ parí àti ìgbà tí èkejì bẹ̀rẹ̀, kò sí ní ilé ìgbìmọ̀ rárá, ohun tí akọ̀wé mi fò dá nìyẹn.

Ibi tí mo há sí ni bí ó ṣe wọlé. Báwo ni aláwọ̀ dúdú tí ó ń ta oúnjẹ ṣe borí ní àgbègbè tí àwọn aláwọ̀ funfun ti pọ̀ ju àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ fíìfíì? Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ṣí kàn sọ pé ẹgbẹ́ Republican fà á kalẹ̀, wọ́n dìbò, ó wọlé, wọ́n sì kọjá lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tán. Ó bí mi nínú, nítorí pé bí n kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn, irọ́ owó ìbò ni àwọn ọmọ yóò gbà gbọ́.

Inú òfin ìpínlẹ̀ náà ti 1870 ni mo ti rí ìdáhùn. Nígbà náà, aṣòfin mẹ́ta ni àgbègbè kọ̀ọ̀kan ń yàn, ìbò mẹ́ta ni olùdìbò kọ̀ọ̀kan sì ní. Bí ó bá wù ú, ó lè da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí ẹnì kan ṣoṣo. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí pátákó fún àwọn ọmọ: bí olùdìbò bá jẹ́ 100, tí 26 nínú wọn ṣọ̀kan, ìbò 78 ni ẹni wọn yóò ní. Àwọn 74 tó kù ní ìbò 222. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba fún ènìyàn mẹ́ta, 74 péré ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò pọ̀ lè rán ẹni tiwọn lọ láìra ìbò kankan. Ọmọ kan tí kì í fetí sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pariwo pé ó ti yé òun, orí mi sì wú.

Ohun tí ó tún dùn mí jù ni pé akọ̀wé náà kò mẹ́nu kan òfin 1885 rárá. Ní 1883 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo aláwọ̀ dúdú ní òtẹ́ẹ̀lì, nínú ọkọ̀ àti ní gbọ̀ngàn eré. Thomas gbé irú rẹ̀ wá sí Illinois, ilé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, gómìnà Oglesby sì sọ ọ́ di òfin. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n nìyẹn títí ó fi kú ní 1899!

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, kí ó kọ́kọ́ ka òfin ìdìbò ayé ìgbà náà kí ó tó ka ohunkóhun nípa ẹni tó wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ pé akọ̀wé ni yóò háyà, kí ó má san ju ìdajì owó lọ títí yóò fi rí ibi tí ọdún kọ̀ọ̀kan ti wá.