Ojú kọ́ la fi ń mọ omi tó dáa: bí a ṣe ń tọ́jú omi mímu nílé

Kòkòrò tó ń fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, omi tó mọ́ gaara sì lè kún fún un. Ohun tí ojú wúlò fún ni láti mọ̀ bóyá omi ti rú, torí omi tó rú kì í jẹ́ kí oògùn apakòkòrò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

Nítorí náà, bí omi bá rú, ẹ gbé e kalẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ rọra da ti òkè sínú nǹkan mìíràn, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́rin sẹ́ ẹ. Álọ́ọ̀mù máa ń mú ìdọ̀tí rọlẹ̀ kíákíá, àmọ́ ẹni tó fi í sómi tó sì gbé e mu bẹ́ẹ̀ kò tíì pa kòkòrò kankan.

Sísè ló dájú jù. Ẹ jẹ́ kí ó hó débi pé bí ẹ bá fi ṣíbí rò ó, kò ní dáwọ́ híhó dúró. Láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú 1 ti tó. Níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú 3 ni, torí lórí òkè, omi máa ń hó kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń sè é fún wákàtí kan ń fi epo ìdáná ṣòfò ni. Ẹ dé e, kó tutù nínú ìkòkò kan náà.

Bí kò bá sí iná, bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun ṣeé lò, bí kò bá ti ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ nínú. Ẹ ka ara ike rẹ̀: èyí tí sodium hypochlorite inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú 100 la ń sọ. Ẹ̀kán 2 ni fún lítà omi 1. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 á gba ẹ̀kán 40, ìyẹn nǹkan bíi mìlílítà 2. Síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu dáa fún un ju kíka ẹ̀kán lọ. Bí omi bá ṣì rú díẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ kó rùn bíi bílíìṣì díẹ̀. Òórùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún yìí ló ń fi hàn pé oògùn ṣì kù nínú omi. Bí kò bá rùn rárá, ìdọ̀tí ló ti mu oògùn tán, tàbí kí bílíìṣì náà ti pẹ́ jù, torí oòrùn àti ooru máa ń gba agbára rẹ̀. Ẹ fi iye kan náà sí i, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí i. Cryptosporidium, ìyẹn kòkòrò inú omi kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í tètè kú sí bílíìṣì, nítorí náà omi ọmọ ọwọ́ àti ti ẹni tí ara rẹ̀ kò le, sísè ni kí ẹ sè é.

Omi tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù, tàbí tó ní òjé nínú, ọ̀nà méjèèjì kò ràn án. Sísè tilẹ̀ máa ń mú kí òjé ki sí i, torí omi ló ń fẹ́ lọ. Ẹ wá omi mìíràn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni lẹ́yìn tí omi ti dáa tán. Ẹ wo ẹni tó ń bu omi nínú korobá: ife wọlé, ìka mẹ́rin bá a wọlé. Omi sísè kò ní oògùn kankan nínú tí yóò bá ìka wọ̀nyẹn jà. Kẹ́ẹ̀gì ọlọ́rùn tóóró, tàbí ike onídèérí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ló yẹ omi mímu. Kí ẹ tó rọ omi tuntun sí i, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ po ṣíbí kékeré bílíìṣì 1 mọ́ lítà omi 1, ẹ mì ín kó kan gbogbo inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ gba ẹnu ẹ̀rọ náà jáde, ẹ dà á nù, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ ìnukòkò nù ún.