Bí A Ṣe Ń Ṣe Àbẹ̀wò sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń wá wo Igbó Ọ̀ṣun ni ó máa ń sáré yí i ká, tí wọ́n á ya fọ́tò níwájú ère mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀ láìmọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ilé onílé ni wọ́n wọ̀, níbi tí a ti ń bọ òrìṣà títí di òní olónìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mọ ohun tí ẹ ń lọ wò. Ẹni tí ó bá ti rí àwòrán màlúù tí àwọn ará àtijọ́ yà sára àpáta ní Birnin Kudu, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, lè máa retí irú rẹ̀ ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni tiwa. Igbó náà ni ó ti pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ère inú rẹ̀ kò tíì pé ọgọ́rin ọdún. Ní nǹkan bí 1950, wọ́n ti ń gé igi níbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń pẹja, àwọn ojúbọ sì ti ń wó lulẹ̀. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni ó pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú, tí Adébísí Àkànjí àti Kàsálí Àkàngbé wà lára wọn, tún àwọn ojúbọ náà kọ́, tí wọ́n sì fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì, irin àti igi ṣe ère tuntun sí i. Ìjọba àpapọ̀ sọ ibẹ̀ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ ní 1992 kí ó lè gba gbogbo hẹ́kítà 75 tí ó jẹ́. Ní 2005, àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé. Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa nìkan ni ó ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ọjọ́ yín. Oṣù Ògọ́ọ̀sì ni ọdún Ọ̀ṣun, ọjọ́ méjìlá gbáko ni wọ́n sì fi ń ṣe é: wọ́n á ṣe ìwọ́pópó láti fi wẹ ìlú mọ́, wọ́n á tan fìtílà olójúmẹ́rìndínlógún, wọ́n á ṣe ìborí adé, ìyẹn bíbọ adé àwọn ọba àtijọ́, títí di ọjọ́ tí Arugbá, ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, yóò ru igbá lọ sí odò, tí èrò yóò sì máa wọ́ tẹ̀ lé e. Ohun tí ó yẹ kí ojú rí ni. Àmọ́ ní tèmi, n kò ní gba ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ rí níyànjú pé kí ó fi ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn orí ènìyàn ni yóò rí ju ère lọ. Ẹ wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ kò yọ̀, kí ẹ sì padà wá fún ọdún tí ó bá wù yín.

Ẹ wọ bàtà tí kò ga àti aṣọ tí ó bo apá nítorí ẹ̀fọn. Ẹ mú omi mímu àti owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà síta, nítorí àwọn ọ̀bọ igbó náà kì í tọrọ nǹkan. Wọ́n máa ń já a gbà ni.

Ẹ lè wọ ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá láti àárín ìlú. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Ojúbọ Ọ̀ṣun ni ẹ ń lọ, kí ẹ sì dúnàádúrà kí ẹ tó gòkè. Ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni kí ẹ san owó ìwọlé sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ẹ bá ní kámẹ́rà lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí a ń san lórí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ gba afinimọ̀nà. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ tó inú igbó yìí.

Ẹ má kánjú tí ẹ bá ti wọlé. Ẹ ní kí afinimọ̀nà mú yín dé ibi tí ààfin àkọ́kọ́ àti ọjà àtijọ́ wà, nítorí inú igbó yìí ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ pé Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ń wá ibi tí omi wà, wọ́n sì dó sí etí odò. Nígbà tí igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan ké láti inú odò pé, “Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi ni ẹ ti fọ́ tán.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ Òṣogbo yọ, ìkòkò aró náà sì bá ìlú tí a mọ̀ mọ́ aró mu. Nígbà tí wọ́n rúbọ sí Ọ̀ṣun, ẹja jáde wá jíṣẹ́ rẹ̀, Láròóyè tí ó jẹ́ ọba sì tẹ́ ọwọ́ gbà á. Láti inú a-téwọ́-gba-ẹja ni Àtáọ́ja, oyè ọba Òṣogbo, ti wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí kò ní béèrè ìdí tí a kò fi ń pẹja níbẹ̀ mọ́. Ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé náà jẹ́ èèwọ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ kan ère, ẹ má sì gùn ún nítorí fọ́tò. Amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì bò ni púpọ̀ nínú wọn; òjò àti oòrùn ń jẹ wọ́n láti òde, nígbà tí omi bá sì ráyè wọ inú, ara ère á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ẹ bá bá olùjọsìn lórí ìkúnlẹ̀, ẹ dúró lókèèrè, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó yà á ní fọ́tò. Bí ó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ láìjiyàn.

Ní etí odò, ẹ lè rí i pé omi náà dọ́tí bí ìgbà tí a po amọ̀. Àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lápá òkè odò, ni ó fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí a má mu ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọrọ ọmọ tàbí àlàáfíà lè fi ẹnu sọ tirẹ̀ fún Ọ̀ṣun, kí ó mu omi tí ó gbé wá láti ilé.

Bí ọjọ́ bá ṣì kù, ẹ yà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Àdùnní gbé ní ọ̀nà Ìbòkun títí ó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú, tàbí kí ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ sì dúró de èsì, nítorí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀.