Bí mo ṣe rí ohun tó ń pa kọ̀ǹpútà ilé wa

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí gbogbo wa ń lò nílé dédé bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á sì tún tan ara ẹ̀ padà. Kò ní àsìkò kan pàtó. Ọmọ mi obìnrin ló ń fara gbá a jù: "Dádì, ó tún ti ṣe é o! Iṣẹ́ mi ti lọ!" Iṣẹ́ iléèwé ẹ̀ ni, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ féèyàn ni pé kó pa Windows rẹ́, kó tún un gbé sórí ẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Tá ò bá tíì mọ ohun tó ń ṣe é, kí la fẹ́ wò sàn?

Iná ìjọba ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí tiwa máa ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ń lo ínfátà, tí iná dúró digbí, ó ṣì kú. Ni mo bá wọ inú Event Viewer, níbi tí Windows ti ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tó kú, àkọlé kan náà ló wà níbẹ̀: Kernel-Power, nọ́ńbà 41. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà náà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Kò sọ ohun tó pa á. Ibi tó yẹ kéèyàn wò dáadáa ni BugcheckCode tó wà nínú àlàyé abẹ́ ẹ̀. Tí kì í bá ṣe òdo, Windows fúnra ẹ̀ ló ṣubú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ dráífà (ètò tí Windows fi ń bá àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́) tàbí RAM (ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ló fà á. Òdo ni tiwa. Àfi bíi pé iná já mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó ráyè kọ nǹkan kan.

Mo ṣí àpótí ẹ̀, mo gbọn eruku ara fáànù dànù, mo sì fi HWMonitor wo bó ṣe ń gbóná. Ooru ẹ̀ ò pọ̀. MemTest86 yẹ RAM wò mọ́jú, kò rí àléébù kankan.

Ó wá ku power pack, ìyẹn àpótí kékeré inú ẹ̀ tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà yòókù. Mo wá ẹnu wáyà Molex kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé iná jáde látinú ẹ̀, tí nǹkan kan ò lò, mo mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, mo ki ẹnu dúdú ẹ̀ bọ ojú wáyà dúdú, mo ki pupa bọ ti yẹ́lò. Yẹ́lò yẹn ló ń gbé 12 volt, ìlànà ATX, tí wọ́n fi ń ṣe irú power pack bẹ́ẹ̀, sì gbà kó wà láàárín 11.4 sí 12.6. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jókòó jẹ́ẹ́, mítà ń ka 11.7. Mo ní kí ọmọ mi ṣí géèmù tó máa ń ta. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀: 11.5, 11.3, 11.1. Ojú mi ò tíì kúrò lára mítà tí gbogbo ẹ̀ fi ṣókùnkùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tú power pack fúnra yín o. Kàpásítọ̀ inú ẹ̀ máa ń tọ́jú iná pamọ́ kódà lẹ́yìn téèyàn ti yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri, iná yẹn sì lè pààyàn.

Mo lọ sí Computer Village n'Íkẹjà. Ẹni tó ń tajà gbé ọ̀kan fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 500 watt rèé, òun ni gbogbo èèyàn ń rà." Mo yí i padà, mo wo bébà ara ẹ̀: ìlà 12 volt ò ju 16 ampere lọ. Ẹ fi 12 lu 16, 192 watt péré ni ìlà yẹn lè gbé. Mo dá a padà fún un, mo sì mú òmíràn tí tiẹ̀ jẹ́ 38, ìyẹn 456 watt. Ó wọ́n jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e sí i tán, a tún ṣí géèmù yẹn, mítà ò kúrò lórí 12.1. Mo ṣì máa ń yọjú sí Event Viewer. 41 kankan ò tún wọbẹ̀ mọ́.