Zoho CRM: bí mo ṣe to ohun tí oníkálukú lè rí àti ohun tó lè fọwọ́ kàn

Sólà àti inverter là ń tà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, a ní ọ́fíìsì kejì ní Ìkẹjà, inú Zoho CRM, app tá a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kọ́sítọ́mà, ni gbogbo orúkọ kọ́sítọ́mà wa sì wà. Ẹni tó bá pè láti béèrè iye owó, ẹni tó ti san àsansílẹ̀, ẹni tá a ti bá fi panel sórí òrùlé tán, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn ṣí i nígbà náà sọ gbogbo èèyàn di Administrator, ìyẹn ẹni tó lè rí gbogbo nǹkan tó sì lè yí gbogbo nǹkan padà. Gbogbo èèyàn o, títí dórí ọmọ yunifásítì tó wá ṣe IT. Ẹnikẹ́ni ló lè pa kọ́sítọ́mà rẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè yí iye owó padà, ẹnikẹ́ni ló sì lè da gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sínú Excel kan kó gbé e lọ sílé. Ìgbà tẹ́nì kan nínú àwọn sales fiṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn kọ́sítọ́mà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá pé àwọn ò mọ ibi tí ilé-iṣẹ́ míì ti rí nọ́ńbà àwọn, ni ọ̀gá pè mí pé kí n jọ̀ọ́ bá àwọn tún gbogbo ẹ̀ tò.

Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Ìwé àti bírò ni mo gbé, mo sì lọ jókòó ti àwọn sítáfù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé kí lẹ fẹ́ máa rí, torí tí ẹ bá bi èèyàn báyẹn gbogbo nǹkan ló máa ní òun fẹ́ rí. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé tí iṣẹ́ bá wọlé, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe, ta lẹ wá ń gbé e fún. Àǹtí tó ń mójútó akáǹtì ló là mí lójú jù, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ ná bọ̀dá, àwọn sales á ti yí deal sí Closed Won, àwọn ẹnjiníà á ti gbé bátìrì mẹ́rin sínú mọ́tò, èmi ò tíì rí alert kankan. Tí mo bá wá pe kọ́sítọ́mà, á ní òun máa san tí iná bá tàn." Deal ni Zoho ń pe ọjà tá à ń bá kọ́sítọ́mà dúnàádúrà lé lórí, Closed Won sì ni pé kọ́sítọ́mà ti gbà. Mo fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àǹtí yẹn nínú ìwé mi, torí ibẹ̀ gan-an lowó wa ti ń jò.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tó máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú kí n tó lọ síwájú. Role àti Profile kì í ṣe nǹkan kan náà nínú Zoho. Role ló ń sọ deal ta lo lè rí, tìẹ nìkan ni àbí tàwọn tó wà lábẹ́ ẹ náà. Profile ló ń sọ ohun tó o lè ṣe sí èyí tó o bá rí, ṣé wàá wò ó lásán ni, ṣé wàá tún un kọ, ṣé wàá pa á rẹ́, ṣé wàá kó o jáde. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á kàn máa tẹ nǹkan káàkiri ni, sales ò ní rí kọ́sítọ́mà ara ẹ̀ mọ́, wọ́n á wá ní Zoho ló bàjẹ́.

Role ni mo kọ́kọ́ ṣe. Nínú Setup, lábẹ́ Security Control, mo fi ọ̀gá sókè pátápátá, mo fi ọ̀gá àwọn sales sábẹ́ wọn, mo wá pín àwọn sales sí méjì, Ìbàdàn lọ́tọ̀, Ìkẹjà lọ́tọ̀. Akáǹtì àti àwọn ẹnjiníà ní ẹ̀ka tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò sí lábẹ́ sales. Ibì kan wà nínú Role tí wọ́n ti ń béèrè bóyá kí àwọn tó wà ní ipò kan náà máa rí iṣẹ́ ara wọn, Share Data with Peers ló ń jẹ́, mo yọ ọ́ kúrò fún àwọn sales. Mo wá lọ sí Data Sharing Settings, mo rí i dájú pé Leads (àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè), Contacts (orúkọ àti nọ́ńbà àwọn kọ́sítọ́mà) àti Deals wà ní Private, ìyẹn ni pé ẹni tó ni deal àti àwọn tó wà lókè ẹ̀ nìkan ló máa rí i. Àmọ́ tó bá wà ní Private, akáǹtì àti àwọn ẹnjiníà náà ò ní rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn wà ńbẹ̀, ni mo bá kọ sharing rule tó gbé Deals látọ̀dọ̀ sales lọ sọ́dọ̀ wọn, Read/Write ni mo fún wọn, mo wá fi Profile dí ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ọ̀gá àwọn sales ò fara mọ́ Private yìí o. Bọ̀dá yẹn ní àwọn ọmọ òun máa ń ran ara wọn lọ́wọ́, tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn ẹlòmíì á bá a pe kọ́sítọ́mà ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé tẹ́nì kan ò bá ní sí nílé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa gbé deal yẹn fún ẹlòmíì, torí wọ́n wà lókè gbogbo wọn, wọ́n ń rí gbogbo ẹ̀.

Profile ló kàn. Mo ṣe Clone, ìyẹn ẹ̀dà, lára Standard, Profile tí Zoho fúnra ẹ̀ ti ṣe sílẹ̀, mo fi Standard fúnra ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo wá ní mẹ́ta: ti sales, ti akáǹtì, ti ẹnjiníà. Mo yọ Delete kúrò lọ́wọ́ gbogbo wọn pátá. Èyí tó ṣe kókó jù lójú tèmi ni Export. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lo ọjọ́ gbọọrọ lórí ẹni tó lè rí kọ́sítọ́mà tí wọ́n sì máa gbàgbé pé bọ́tìnnì kan wà tó lè kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá àti èmi nìkan ló kù tó lè ṣe Export báyìí, tí àwọn sales bá fẹ́ list kí wọ́n béèrè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí àwọn ẹlòmíì má jí kọ́sítọ́mà wa nìkan o. Òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, Nigeria Data Protection Act, ti wà láti June 2023, ó sì ní tí dátà èèyàn bá jáde lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi sọ fún Kọmíṣọ́ọ̀nù tó ń mójútó o, ìyẹn NDPC. Àdírẹ́sì ilé èèyàn, nọ́ńbà fóònù, iye tó fi ra bátìrì tó wà nínú ilé ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn ẹnjiníà nílò àdírẹ́sì, irú òrùlé, iye load (iná tí ilé náà ń lò), ṣùgbọ́n wọn ò nílò iye tí kọ́sítọ́mà san. Mo ṣí layout ti Deals, ìyẹn bí ojú ìwé ẹ̀ ṣe tò, mo lọ sórí Amount, ibi tí iye owó wà, mo tẹ Set Permission, mo fi Don't Show sí ẹ̀gbẹ́ Profile wọn. Fún akáǹtì, Read Only ni Amount, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé àwọn ló yí i padà. Mo sì pa Quotes, ibi tí quotation tá à ń fún kọ́sítọ́mà wà, lódindi kúrò lójú àwọn ẹnjiníà, torí kò sí ìwúlò kéèyàn bo owó mọ́lẹ̀ níbì kan kó sì wà gbangba níbòmíì.

Ó wá kan Blueprint, ibẹ̀ ni mo gbádùn jù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa mú deal gba ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ bá là fún un, kò sì ní jẹ́ kó fò. Orí field Stage, àyè tó ń sọ ibi tí deal dé, ni mo gbé e lé, mo to àwọn ipò bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an: ẹni tó béèrè, àyẹ̀wò ilé, quotation, àsansílẹ̀ ti wọlé, ìfisílé, a ti gbà á tán. Láàárín ipò kan sí ìkejì ni wọ́n ń fi Transition sí, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń gbé deal kọjá, Transition kọ̀ọ̀kan ló sì ní Before, During àti After. Before máa ń sọ ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ àti ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kó tó hàn, During máa ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀, After máa ń ṣe nǹkan fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán.

Ẹ wo àyẹ̀wò ilé. Tẹ́lẹ̀, ẹnjiníà á lọ, á padà dé, á sọ fún sales lẹ́nu pé "load wọn ò pọ̀". Ó dọjọ́ ìfisílé ká tó mọ̀ pé firísà méjì àti pumping machine wà ńbẹ̀. Báyìí kò lè kúrò ní ipò yẹn láì kọ iye watt tó ṣírò, láì yan ibi tí òrùlé kọjú sí, torí níhìn-ín apá gúúsù la fẹ́ kí panel kọjú sí, àti láì so fọ́tò òrùlé àti ti mítà mọ́ ọn. Mo fi dandan sí gbogbo ẹ̀ nínú During.

Ibi tí àǹtí akáǹtì ti ké sí mi ni mo fara balẹ̀ sí jù. Transition tó ń sọ pé àsansílẹ̀ ti wọlé, akáǹtì nìkan ni mo fún, sales ò rí i rárá lórí skrínì tiẹ̀. Tí àǹtí bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ iye tó wọlé àti ọjọ́ tó wọlé, wọ́n á sì so ẹ̀rí ìsanwó mọ́ ọn. Mo wá ṣe field kan tó ń fúnra ẹ̀ ṣírò, á fi Amount pín iye tó wọlé, á sọ ìdá ọgọ́rùn-ún tí kọ́sítọ́mà ti san. Mo fi í sí Criteria ti Transition tó gbé deal lọ sí ìfisílé: tí kò bá tíì tó 70, bọ́tìnnì yẹn ò ní jáde sójú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tó bá jáde tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, After á fún ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní Task pé kó kó ẹrù sílẹ̀. Task ni mo lò, mi ò lo ímeèlì, torí mo mọ̀ pé ní sítọ́ọ̀ kò sẹ́ni tó ń ka ímeèlì.

Kọ́sítọ́mà lè sọ pé òun ò ṣe mọ́ nígbàkigbà, torí náà mo ṣe Common Transition kan tó ṣeé tẹ̀ láti ipò èyíkéyìí, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ yan ìdí: owó pọ̀ jù, ó rà á níbòmíì, onílé ò gbà, kò gbé fóònù mọ́. Mo sì fi SLA, ìyẹn gbèdéke àsìkò, sí quotation, tó bá ti pẹ́ jù níbẹ̀ á ké sí ọ̀gá àwọn sales.

Ti owó tí wọ́n bá yọ fún kọ́sítọ́mà, Approval Process ni mo fi ṣe é. Tó bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, deal á tì pa títí ọ̀gá á fi gbà, wọ́n sì lè gbà á lórí fóònù níbi yòówù kí wọ́n wà. Ọ̀gá kọ́kọ́ fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ máa kọjá lọ́dọ̀ àwọn, títí kan èyí tó kéré, mo bẹ̀ wọ́n pé kó má rí bẹ́ẹ̀. Tí sales bá ní láti dúró torí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí kọ́sítọ́mà sì wà níwájú ẹ̀, á kàn bá a dúnàádúrà lórí WhatsApp ni, CRM ò ní gbọ́ sí i.

Nígbà tí mo tò ó tán, mi ò fi ojú Administrator dán an wò, torí Administrator gbogbo nǹkan ló ń rí. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn sales Ìbàdàn, lórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀. Mo ní kó wá orúkọ kọ́sítọ́mà Ìkẹjà kan, kò rí i. Mo ní kó wá Export, kò sí. Mo ní kó yí Stage fúnra ẹ̀, ó tì. Mo wá lọ gba fóònù ẹnjiníà kan, mo ṣí Deals, Amount ò sí ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ deal àkọ́kọ́ tí mo rí nìyí: "Alhaji Challenge 5KVA 3.2m". Owó tá a bò mọ́lẹ̀ ti wà nínú orúkọ! Kò sí permission tó lè bo ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ sínú àkọlé. Ni mo bá tún àwọn orúkọ náà kọ, a sì jọ ṣàdéhùn pé orúkọ kọ́sítọ́mà, àdúgbò àti KVA nìkan ló máa wà ńbẹ̀. Ẹ yẹ Notes náà wò, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ iye tí wọ́n dúnàádúrà sí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá pa àwọn user tó ti kúrò, Deactivate ni, lẹ́yìn tí mo ti gbé deal ọwọ́ wọn fún ẹlòmíì. Mo fi Audit Log han ọ̀gá, ibi tí wọ́n ti lè rí ẹni tó yí nǹkan padà. Mo sì sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ máa ń wà nínú Recycle Bin fún ọgọ́ta ọjọ́ kó tó lọ pátápátá. Administrator méjì ló kù, ọ̀gá àti èmi.

Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wo plan tẹ́ ẹ wà, torí Blueprint ò sí nínú ti ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ya ojú ọ̀nà iṣẹ́ yín láti òní. Ti servicing ló kàn fún wa, àwọn tí inverter wọn ti wà nílé tí wọ́n ń pè pé ó ń pariwo. Àǹtí akáǹtì ti bá mi ya tiwọn sórí ìwé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.