Ẹ má tíì tẹ "Start": àwọn àṣìṣe tó ń ba béèsì jẹ́ nígbà tí receiver bá ń tún ohùn yàrá ṣe

Ẹni tó ra subwoofer tuntun (spíkà tó wà fún béèsì nìkan), tó gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó ki máìkì bọ ara receiver (ẹ̀rọ tó ń fún àwọn spíkà lóhùn), tó tẹ "Start", tó sì jáde lọ mumi, ó ti gbà pé ẹ̀rọ yóò bá òun ṣe ìyókù. Nígbà tó bá padà jókòó, béèsì á máa rọ́ gììrì lẹ́bàá ògiri, ibi tí òun gan-an jókòó sí á sì gbẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́. Audyssey, Dirac Live, YPAO àti MCACC, àwọn ètò inú receiver tó ń fi máìkì wọn ohùn yàrá kí wọ́n lè tún un ṣe, mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, àmọ́ ohun tí máìkì bá gbọ́ nìkan ni wọ́n lè fi ṣiṣẹ́. Ohun kan sì wà tí yàrá máa ń ṣe sí béèsì tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè tún un ṣe.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ibi tí subwoofer wà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ

Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìgbì kan ṣoṣo ti ìró 40 Hz (ìró tó ń gbọ̀n nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn tó mítà 8.6. Ó gùn ju ọ̀pọ̀ yàrá lọ. Bó ṣe ń lu ògiri tó ń padà ló ń pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Níbi tí méjèèjì bá ti ran ara wọn lọ́wọ́, béèsì á kún àkúnya. Níbi tí wọ́n bá ti pa ara wọn, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó gùn ní mítà 5. Ìró tó wà ní nǹkan bíi 34 Hz ló kọ́kọ́ máa ń ṣe báyìí láàárín ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn: á pọ̀ lẹ́bàá ògiri méjèèjì, á sì pòórá ní àárín yàrá. Ẹ wo ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé àga sí.

Èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀rọ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ níbi tí ìgbì ti ń pa ara wọn, bó bá ṣe ń fi kún ohùn náà ni èyí tó ń pa á ń pọ̀ sí i. Omi inú agbọ̀n ni. Àfikún 3 dB péré (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó) ń béèrè agbára ìlọ́po méjì lọ́wọ́ amplifáyà, 10 dB sì ń béèrè ìlọ́po mẹ́wàá. Spíkà á ti máa gbọ̀n jìgìjìgì kí etí tó gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ gbé subwoofer sí ojú ibi tí ẹ ń jókòó sí gan-an. Ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ ń rìn sókè sódò sí i, kí ẹ wá máa rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí etí yín wà nítòsí ilẹ̀. Ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan bá ti dún dọ́gba, tí ọ̀kan kò yọ ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni kí subwoofer máa gbé. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé bí yàrá ṣe ń ṣe ohùn tó ti àga lọ sí ògiri náà ló ń ṣe èyí tó ti ògiri bọ̀ wá sí àga. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ sún àga síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá sì lágbára láti ra méjì, ìwádìí Todd Welti ní iléeṣẹ́ Harman fi hàn pé subwoofer méjì tó wà ní àárín ògiri méjì tó kọjú síra máa ń mú kí béèsì dọ́gba láti àga kan dé èkejì.

Máìkì kì í ṣe ohun à ń jù sórí tìmùtìmù

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ibi tí etí yín máa ń wà ni kí máìkì wà, lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lórí ẹ̀yìn àga. Máìkì tó bá receiver wá ni kí ẹ lò, nítorí òun ni ẹ̀rọ náà mọ bó ṣe ń gbọ́ ohùn.

Ẹ má ṣe wọn ẹyọ ibì kan kí ẹ sì dá a dúró. Audyssey MultEQ XT32 gba ibi 8. Àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì jù, torí láti ibẹ̀ ló ti ń mọ bí spíkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó; àwọn tó kù, kí wọ́n ṣù yí orí yín ká, kì í ṣe kí ẹ máa gbé máìkì kiri dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ pa fáànù, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ìró abẹ́lẹ̀ tí etí yín ti mọ́ lára ni máìkì máa kà mọ́ béèsì.

Àwọn bọ́tìnì ẹ̀yìn subwoofer

Ẹ yí èyí tó ń gé béèsì lókè dé òpin, tàbí kí ẹ fi sí LFE, níbi tí subwoofer kò ti ní gé nǹkan kan fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sí àárín, subwoofer ń gé, receiver náà ń gé, ohùn á sì sọnù láàárín wọn. Ti agbára ohùn ńkọ́? Bí receiver bá parí ìwọ̀n rẹ̀ tó sì kọ −12 dB sí subwoofer, ó ti kan ìsàlẹ̀ ni. Ẹ yí bọ́tìnì yẹn wálẹ̀, kí ẹ tún wọn.

Ẹ má fi téèpù ìdíwọ̀n "tún" nọ́ńbà rẹ̀ ṣe

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe rèé. Receiver mi ní subwoofer jìnnà ní mítà 5, bẹ́ẹ̀ mítà 3 ni téèpù sọ. Mo pa 5 rẹ́, mo kọ 3. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlù inú orin kò lágbára mọ́, mi ò sì mọ ohun tó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ inú subwoofer máa ń dá ohùn dúró díẹ̀ kó tó jáde, receiver sì ń sọ àkókò yẹn di jíjìnnà kí ohùn subwoofer àti ti àwọn spíkà lè dé etí pọ̀. Ọjọ́ tí mo dá nọ́ńbà yẹn padà ni ìlù padà.

Èyí tó yẹ kí ẹ yí lẹ́yìn ìwọ̀n ni "Large", ìyẹn àmì pé spíkà lè dún béèsì fúnra rẹ̀. Bí receiver bá pe spíkà iwájú bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di "Small", kí ẹ fi ààlà sí 80 Hz, kí béèsì tó wà nísàlẹ̀ ààlà yẹn lè lọ sí subwoofer. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà tó ju ìyẹn lọ ni òun fúnra rẹ̀ yàn, ẹ lè gbé e sókè, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí béèsì dà bí èyí tó dín kù lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má yára pa ètò náà. Gììrì tí etí yín ti mọ́ lára ló lọ. Ẹ gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ṣì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi 3 dB kún subwoofer nínú receiver.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i lè lo REW, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń ya àwòrán bí ohùn ṣe rí nínú yàrá, pẹ̀lú máìkì ìwọ̀n bíi UMIK-1. Bí kòtò jíjìn bá ṣì wà lójú àwòrán náà, ẹ má fi nǹkan kún un. Ẹ sún subwoofer díẹ̀, kí ẹ tún wọn.